Orí Kẹfà: Ó Ti Jáwọ́, Kí Ló Tún Dá A Padà?

Ẹni tó ń lo oògùn olóró kọ́ ló sábà máa ń béèrè ìbéèrè yìí. Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ta kòkó ọdún kan tán kí owó ìtọ́jú tó pé. Ká ní ọmọkùnrin kan wà ní Ògbàgì-Àkókó, ẹni ọdún 24, tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láàárín Ògbàgì, Arigidi àti Ìkàrẹ́. Ẹ̀yìn ríro ló gbé e dé ìdí Tramadol. Nígbà tó yá, ó rí i pé oògùn náà ń jẹ́ kí òun gun alùpùpù wọ òru láì rẹ òun. Igbó tẹ̀lé e, páràgà tẹ̀lé igbó. Ẹbí gbé e lọ síbi ìtọ́jú ní ìlú mìíràn, ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ojú rẹ̀ ti mọ́, ó ń jẹun, ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó délé tó fi tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ tí àdúgbò máa ń dá kò ju mẹ́ta lọ: olórí kunkun ni, tàbí àwọn ayé ló ń ṣe é, tàbí wọ́n kàn jẹ owó ẹbí lásán níbi ìtọ́jú náà. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àwọn ayé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ṣeé fi ẹ̀rọ wò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ ibi tí agbára ará ilé dé àti ibi tí kò dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ilé kan. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣirò Nàìjíríà àti àjọ UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn òyìnbó lò láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ẹkùn ìwọ̀-oòrùn gúúsù, níbi tí àwa wà, ló ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè: ó lé ní 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kò ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn o.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọpọlọ lọ. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ méjì kì í sábà kan ara wọn. Àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn, oje sì ni ọ̀kan ń tú sínú àlàfo yẹn kí èkejì tó mọ ohun tó ń wí. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ọ̀rọ̀ ní àwọn ojú kéékèèké lára tí oje ń lẹ̀ mọ́. Nínú ìwé yìí, etí sẹ́ẹ̀lì ni a ó máa pè wọ́n. Oríṣiríṣi oje ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní dópámìnì ló ń sọ fún ọpọlọ pé ohun tí o ṣe yìí dára, má gbàgbé rẹ̀, tún un ṣe. Oúnjẹ gbígbóná máa ń mú un jáde lára ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ọmọ ọwọ́. Ara tún ní oje tirẹ̀ tí ń pa ìrora, Tramadol àti kódìn sì jọ oje yìí tó bẹ́ẹ̀ tí etí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbà wọ́n bí ẹni ń gba ọmọ ilé. Igbó ní etí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọtí ń gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni pé wọ́n ń mú kí dópámìnì tú jáde ju èyí tí oúnjẹ tàbí ẹ̀rín lè mú wá lọ.

Ọpọlọ kò sì gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ wo ẹni tí yàrá rẹ̀ fara ti ẹ̀rọ ìlọta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò lè sùn ọ̀sán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀rọ náà mọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń pariwo bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí alọta kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò wọ̀ ọ́ létí; ilé kàn dá lójú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe. Bí oògùn bá ń pariwo lójoojúmọ́, sẹ́ẹ̀lì á dín iye etí rẹ̀ kù. Ìyẹn ló fà á tí hóró kan kò fi tó mọ́, tó di méjì, tó di mẹ́rin. Òun náà ló fà á tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ fi ń sọ pé kò sóhun tó dùn mọ́ òun. Iyán ìyá rẹ̀ kò dùn, bọ́ọ̀lù kò dùn, àwàdà àwọn ọ̀rẹ́ kò pa á lẹ́rìn-ín. Ẹbí á ní aláìmoore ni, lẹ́yìn gbogbo ohun tí àwọn ná. Ariwo ti dákẹ́, etí ni kò tíì ṣí padà.

Etí náà ń ṣí o. Ní ọdún 2012, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jussi Hirvonen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde àwòrán ọpọlọ àwọn ọkùnrin tó ń mu igbó lójoojúmọ́ jáde. Etí sẹ́ẹ̀lì tó ń gba igbó ti dín kù ní àwọn apá kan nínú ọpọlọ wọn; lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọn kò mu ún, ó ti padà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bó ṣe yẹ. Ti àwọn oògùn mìíràn pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nora Volkow àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà yẹ ọpọlọ àwọn tó ti ń lo methamphetamine wò, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní áìsì. Ẹ̀yà tó ń kó dópámìnì padà sínú sẹ́ẹ̀lì gbà ju ọdún kan lọ kí ó tó sún mọ́ ipò rẹ̀, ìrántí àwọn ènìyàn náà àti bí ọwọ́ wọn ṣe ń yá sí kò sì tíì pé tán nígbà náà. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé èyí jáde. Nítorí náà, bí ọmọ bá lo oṣù mẹ́ta níbi ìtọ́jú, oògùn ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tipẹ́, àmọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ń ta omi fún, tí wọ́n ní àwọn yóò fà á sí ọmọ yín lára kí ó lè fọ oògùn kúrò nínú rẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín. Omi wúlò fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Kì í hu etí fún sẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò, nítorí ó ń pa ènìyàn. Ẹni tó ti ń mu ògógóró láti àárọ̀ dé alẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò gbọ́dọ̀ jáwọ́ lójijì nínú ilé, kí wọ́n sì tì í mọ́ yàrá. Ọtí ń tẹ ọpọlọ rì. Ọpọlọ á máa ta kò ó, á máa gbé ara rẹ̀ sókè. Bí ọtí bá yọ kúrò lẹ́ẹ̀kan, ìgbésókè yẹn nìkan ló kù. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ méjì, gìrì lè gbé e. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ara rẹ̀ máa gbóná, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré. Iléèwòsàn ló yẹ kí èyí ti ṣẹlẹ̀, nítorí oògùn wà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń gbé oògùn oorun réfínọ́ọ̀lù mì lójoojúmọ́. Ti Tramadol yàtọ̀: ìjáwọ́ rẹ̀ ń roni, ó ń mú inú rírun, ìlàágùn àti àìrí oorun sùn wá fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kì í sábà pani. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń fa gìrì.

Ká gbà pé ọmọ wa ti kọjá gbogbo èyí. Kí ló tún gbé e padà nígbà tí kò sí ìrora kankan lára rẹ̀ mọ́?

Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ ọpọlọ kan, Wolfram Schultz, ń ṣàyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì dópámìnì nínú ọpọlọ ọ̀bọ ní Switzerland. Ó ń kán omi èso dídùn sí wọn lẹ́nu, sẹ́ẹ̀lì ń pariwo nígbà tí omi bá kan ahọ́n. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná kékeré kan ṣáájú omi. Nígbà tí àwọn ọ̀bọ náà ti mọ̀ pé iná ló ń ṣíwájú, sẹ́ẹ̀lì kò pariwo nígbà tí omi dé mọ́. Ìgbà tí iná tàn ni wọ́n ń pariwo. Bí iná bá tàn tí omi kò dé, sẹ́ẹ̀lì á rọlẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ohun tí iná yẹn jẹ́ fún ọ̀bọ, a lè pè é ní atanijí. Ìrọlẹ̀ tó tẹ̀ lé e lè wà lára ohun tí ẹni tó ń bá oògùn jà mọ̀ sí òǹgbẹ.

Wàyí o, ẹ ka àwọn atanijí ọmọ Ògbàgì yìí. Òórùn bẹntiróòlù. Oríta tí àwọn ọlọ́kadà máa ń kó jọ sí bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Òjò tó dá ènìyàn dúró sábẹ́ àtíbàbà ìyá onípáràgà. Àkókò tí èrò ọjà Òṣèlè bá ń tú ká ní Ìkàrẹ́, tí owó ti pé sápò. Àní owó náà fúnra rẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbi ìtọ́jú. Fún oṣù mẹ́ta kò rí wọn, kò gbọ́ òórùn wọn, nítorí náà kò sóhun tó dán an wò. Ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ògbàgì ni gbogbo iná tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Apá iwájú ọpọlọ, níbi tí ìkóra-ẹni-níjàánu ti ń ṣiṣẹ́, lára àwọn ibi tí oògùn ti sọ di aláìlágbára ló wà.

Ogun Vietnam fi òdìkejì èyí hàn. Ní ọdún 1971, ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún lára àwọn ọmọ ogun wọn níbẹ̀ ni heroin ti di bárakú fún. Ìbẹ̀rù bo wọn pé gbogbo ìlú ni yóò kún fún wọn tí wọ́n bá darí dé. Onímọ̀ ìwádìí kan, Lee Robins, tọpa àwọn ọkùnrin náà. Nínú àwọn tí ó ti di bárakú fún lójú ogun, bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó tún di bárakú fún ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sílé. Atanijí wọn wà ní Vietnam, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ogun kúrò níbi tó ti kọ́ ọ, ó bọ́ sílé. Ọmọ Ògbàgì kúrò níbi ìtọ́jú, ó bọ́ síbi tó ti kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn á ní, ẹ jẹ́ ká kúkú rán an lọ sí Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, pàápàá bí iṣẹ́ bá wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n gáréèjì wà ní Èkó, ìgbòkègbodò òru níbẹ̀ sì ju ti Àkókó lọ. Ìṣòro tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ohun tí ọpọlọ kọ́ kì í parẹ́ nítorí pé ènìyàn jìnnà sí i. Ẹ̀kọ́ tuntun ni yóò gun orí ẹ̀kọ́ àtijọ́: kí ènìyàn gba oríta yẹn kọjá ní ìrọ̀lẹ́, láì lo nǹkan kan, kí ó tún gbà á kọjá, pẹ̀lú ẹni tó ń bá a rìn, títí oríta á fi padà di oríta lásán. Ilé ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pé.

Dókítà ọpọlọ kan, ọmọ Yorùbá, ti mọ èyí ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo dé Aro ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, kò dúró de ìgbà tí wọ́n máa kọ́ iléèwòsàn ọpọlọ náà tán. Ó gba àyè fún àwọn aláìsàn lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Aro ká. Òfin kan tó ṣe ni pé aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan ní láti tẹ̀ lé e, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ síbi ìtọ́jú ní òwúrọ̀. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, abúlé ló wà: oko, ijó, ìjọ, àríyànjiyàn. Ìbátan tó bá a wá náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé kí wọ́n tó jọ padà sílé. Àìsàn ọpọlọ ni Lambo dìídì dá a sílẹ̀ fún, kì í ṣe bárakú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn olóró kò ṣàjèjì sí i. Ní 1965 ó kọ àpilẹ̀kọ lórí ìṣòro rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Iléèwòsàn Aro wà síbẹ̀ dòní, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a tún ń ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ní Ìbàdàn kó àwọn ènìyàn tó lé ní 250 jáde níbi kan tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ní orúkọ ìtọ́jú. Ẹbí ló mú púpọ̀ nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ wá, pẹ̀lú owó lọ́wọ́, nítorí agara ti dá wọn. Mi ò bú ẹbí. Ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò kọ́ ọpọlọ ní nǹkan kan nípa oríta. Ó kàn gbé ẹni náà jìnnà sí i fún ìgbà díẹ̀ ni, ó sì fi ìtìjú kún un, ìtìjú sì wà lára àwọn ohun tó ń tani jí jù.

Kí wá ni ọwọ́ ará ilé ká? Ẹ jẹ́ kí n mú ìdánwò kan wá tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀. William Miller, Robert Meyers àti ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe é ní New Mexico, wọ́n sì gbé e jáde ní 1999. Wọ́n kó àwọn ẹbí tí ẹnì kan nínú ilé wọn ń mu ọtí ní àmujù, tí ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní gba ìtọ́jú. Wọ́n kọ́ àwọn kan láti pe ìpàdé, kí gbogbo ẹbí dojú kọ ọ̀mùtí náà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ́ àwọn kan láti fi í sílẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ọkàn tiwọn. Àwọn tó kù ni wọ́n kọ́ pé kí wọ́n yí bí ilé ṣe ń rí padà ní ọjọ́ tó bá mu àti ọjọ́ tí kò bá mu. Ìpàdé mú 30 nínú ọgọ́rùn-ún wá síbi ìtọ́jú, ìfisílẹ̀ mú 13, ọ̀nà kẹta mú 64.

Ọ̀nà kẹta yìí kò le láti sọ, ó le láti ṣe. Ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá mọ́, ìgbà yẹn ni kí ilé dùn: kí wọ́n jọ jẹun, kí bàbá bá a sọ̀rọ̀ nípa iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn, kí àbúrò rẹ̀ pè é wá wo bọ́ọ̀lù. Etí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, òótọ́ ni, ohùn jẹ́jẹ́ náà ló sì ń kọ́ wọn láti ṣí. Ní ọjọ́ tó bá wọlé tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá a jà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé oúnjẹ pa mọ́ dè é. Ọ̀rọ̀ di àárọ̀. Bí ó bá jẹ gbèsè, kí ìyá má ta aṣọ san án. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá béèrè rẹ̀, kí àbúrò má ní ibà ló ń ṣe é. Ìyá Yorùbá ni èyí ń ni lára jù, torí bíbo àṣírí ọmọ ni a mọ̀ sí ìfẹ́. Bí ilé bá sì ti ń di ẹ̀ṣẹ́, bí ẹ̀rù ẹni náà bá ń ba ìyàwó tàbí àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi ààbò fún wọn ná.

Lẹ́yìn náà, owó. Fún oṣù mélòó kan, ó dára kí ẹnì kan tó fọkàn tán, tí òun fúnra rẹ̀ mú, máa bá a gba owó iṣẹ́ ọjọ́ lọ́wọ́. Òun ni yóò sọ pé kí wọ́n gbà á. Bí wọ́n bá fi tipá gbà á, ìjà ló dá sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kí ó fi ọ̀kadà sílẹ̀ fún ìgbà kan, kí ó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sóko tàbí kí ó kọ́ iṣẹ́ mìíràn ní Ìkàrẹ́ tàbí Òkà. Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí wúlò gan-an ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ènìyàn wà níbẹ̀ ní wákàtí tí òǹgbẹ máa ń dé. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó bá ní kí ó da oògùn iléèwòsàn nù ni kí ẹ sá fún. Ẹni tó ti rin ọ̀nà náà rí tún máa ń mọ ohun tí dókítà kò mọ̀. Lórí èyí ni àwọn ọ̀mùtí méjì dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní Akron, ní Amẹ́ríkà, ní 1935. Ní ti iléèwòsàn, Ọ̀wọ̀ ni ti ìjọba àpapọ̀ tó sún mọ́ àwọn ará Àkókó jù wà. Àjọ NDLEA, tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ẹbí lè pè fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040, wọn kì í sì í mú ẹni tó bá pè láti wá ìrànlọ́wọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ó tún ṣubú. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba ìtọ́jú bárakú, bí 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń padà síbẹ̀ fún ìgbà kan. Iye ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ ìfée (asthma) wọn ń padà nítorí pé wọn kò lo oògùn wọn déédéé kò kéré sí èyí. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìtìjú. Ara tó ti sinmi oṣù mẹ́ta kò gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Iye hóró tó ń gbé mì tẹ́lẹ̀ lè dá èémí rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá bá a tó ń han-run lọ́nà àjèjì, tí kò jí bí ẹ ti ń gbọ̀n ọ́n, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ yí i dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má da epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ síléèwòsàn kíá, ẹ sì sọ ohun tó lò fún wọn láì fi bò.

Bí ó bá jí ní àlàáfíà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ojú rẹ̀ sì dá kí ẹ tó bi í ní ohunkóhun. Ìwàásù kò wúlò ní àárọ̀ náà. Ẹ bi í ní ibi tó wà, aago mélòó ni, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èló ló wà lápò rẹ̀, kí ló kọ́kọ́ rí tàbí gbọ́ òórùn rẹ̀ kí òǹgbẹ tó dé. Bí ó bá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ni, lẹ́yìn tó gbé èrò ìkẹyìn já sí Arigidi, tí òjò wá dá a dúró, ẹ jọ wá ohun tí yóò máa ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, àti ilé tí yóò yà sí bí òjò bá tún ká a mọ́ Arigidi.